Ọmọ Tó Tètè Dúró

Ọmọ ọmọ mi kan bi mí léèrè láìpẹ́ yìí pé, “Màmá, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe?” Mo ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni mo máa ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Mo ní mo máa ń wo ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé wíwò náà niṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, n ò ní purọ́. Òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, fún òun àti fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ ẹ̀ tí ẹ ń ṣa iṣẹ́ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Wíwò niṣẹ́ mi lóòótọ́. Mo fi ayé mi wo bí ọmọ jòjòló ṣe ń mira, pàápàá àwọn tí wọ́n bí ní kékeré, tí wọn ò wúwo tó bó ṣe yẹ, ká lè tètè mọ èyí tí ìjókòó àti ìrìn máa ṣòro fún. Mo sì mọ̀ ọ́n wò. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀ jàre, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ ò lọ́rọ̀ nínú. Ọmọ Èkìtì ni mí, mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, wọ́n ní kí n máa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkòtún, mo di ẹrù mi, mo lọ. Owó oṣù ń wọlé, ó ń tó jẹun. Ó tán.

Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Nàìjíríà. Ìkòtún ò tíì rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n yìí. Oko pọ̀ ju ilé lọ lọ́nà Ìgàndó, ṣùgbọ́n kò sọ́jọ́ tí ọkọ̀ símẹ́ńtì àti típà yanrìn ò ní kọjá, eruku pupa á sì bo gbogbo ewé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń wọ́ wá láti Ọ̀yọ́, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìbàdàn, láti Oǹdó: bíríkìlà, káfíńtà, tíṣà, oníṣòwò. Kálukú fẹ́ kọ́lé. Níbi tí èèyàn bá sì pọ̀ sí, aboyún á pọ̀ níbẹ̀. Mo rí obìnrin tó ru búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú oyún nínú. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù wá ń já lu ayé lemọ́lemọ́, kéékèèké bí ìbépẹ tí kò gbó.

Ọ̀gá mi níbẹ̀ ni Sístà Wúràọlá. Sístà là ń pe nọ́ọ̀sì àgbà nígbà náà. Obìnrin gíga, tín-ínrín, tí kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀ rárá. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá láàárín ìlú, níbi tó ti kọ́ wíwo ọmọ kékeré. Nígbà tí mo dé, mo rò pé màá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ mú lójú ẹsẹ̀. Sístà ní kí n kó ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Báyìí ló ṣe máa ń kọ́ni. Ẹní wà nílẹ̀, ọmọ á wà lórí ẹní náà níhòòhò, tó ti jẹun yó, tí kò sùn, tí kò sunkún. Sístà á jókòó sórí àpótí onígi kan tó rẹlẹ̀. Èmi á dúró, ọwọ́ lẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó sórí àpótí yẹn àfi òun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á ní:

“Kí lo rí?”

“Ó ń ta ẹsẹ̀, mà.”

“Adìẹ náà ń ta ẹsẹ̀. Mo ní kí lo rí?”

“Ó ń… ó ń jà, mà.”

“Ta ló ń bá jà? Wò ó dáadáa, Bọ́lá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.”

Mo máa ń délé kí n sunkún. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, ojú mi là. Mo wá rí i pé ọmọ tí ara ẹ̀ dá, bó ti wù kó kéré tó, ìmira ẹ̀ máa ń yàtọ̀ síra. Apá á gba ibí, ẹsẹ̀ á gba ọ̀hún, ọrùn-ọwọ́ á yí, ìbàdí náà á yí tẹ̀ lé e, kò ní ṣe é bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa ń dùn ún wò. Ọmọ tí ewu ń bẹ fún kì í rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ara á le gan lẹ́ẹ̀kan náà, á tún dẹ̀ wọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bákan náà ṣáá ni. Tàbí kí àtàǹpàkò máa sá pamọ́ sínú ìkúùkù nígbà gbogbo. Tàbí kí apá kan máa ṣeré kí èkejì máa wò ó.

Ó pẹ́ kí Sístà tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ ọmọ méjèèjì mú kí wọ́n rọra fà á dìde, ká wo bóyá orí ń bọ̀ tẹ̀ lé ara, àbí ó kù sẹ́yìn. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń da ikùn ọmọ dé àtẹ́lẹwọ́, ká wo bí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe rí. Ó ní òwú pupa kan tó wé bí bọ́ọ̀lù kékeré, òun ló fi ń dán ojú ọmọ wò. Ó sì ní òfin kan tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: ọmọ tó wá ṣáájú oṣù ẹ̀, a kì í ka ọjọ́ orí ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí i. Ìgbà tó yẹ kó wáyé la fi ń kà á. Àwọn ìyá ò gba ti òfin yìí rárá. “Ṣé ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ ò ka nǹkan kan ni?” Sístà á ní ó ka nǹkan fún àwọn tó jẹ àkàrà ọjọ́ náà.

Ohun èlò wa ò tó nǹkan. Òṣùwọ̀n kan wà tí a so kọ́ igi máńgòrò àgbàlá, a ó fi aṣọ gbé ọmọ kọ́ ọ. Nígbà tó yá, owó epo rọ̀bì dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n gbé àpótí onígíláàsì kan wá tó ń fi iná mànàmáná mú ara ọmọ móoru. Inú wa dùn gan-an. Ilé iṣẹ́ mànàmáná mú iná lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Sístà wo àpótí náà títí, ó ní kí ìyá ọmọ tú bùbá ẹ̀, kó gbé ọmọ ẹ̀ lé àyà. Ẹni máa yó á yó, bí wọ́n tilẹ̀ ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà.

Ọmọ tí wọ́n gbé lé àyà lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún yín. Ràfíù lorúkọ ẹ̀. Ìyá ẹ̀, Sẹ̀lí, ṣì kéré, ọkọ ẹ̀ Sùlé jẹ́ bíríkìlà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń gbé lọ́nà Ẹ̀gàn. Oyún náà ku nǹkan bí oṣù méjì kó pé nígbà tí ọmọ já. Ìyá ọkọ ẹ̀, tí gbogbo ọjà Ìkòtún ń pè ní Ìyá Sùlé, tó ń ta ìkòkò àti àwo, fi ọjà ẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó tì wá. Òun ló ń pe ọmọ náà ní Àjàní. Ó ní ìjà ni wọ́n jà kí àwọn tó rí i gbà. Ọmọ yè. Wọ́n gbé e lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìwọ̀n. Àgbàlá wa á kún fún ìyá àti ìyá àgbà. Lọ́jọ́ kan báyìí, tí Ràfíù ti pé oṣù márùn-ún ní kíkà ilé wọn, oṣù mẹ́ta ní kíkà tiwa, Ìyá Sùlé gbé e dìde lórí itan, ó di abẹ́ abíyá ẹ̀ mú. Ọmọ náà nà gan bí igi, ó dúró sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ariwo ta ní àgbàlá: “Ó ti ń dúró! Àjàní ti ń dúró!” Ìyá Sùlé yí ọmọ náà káàkiri kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ó ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò ní yè, ẹ wo ẹsẹ̀ akọ.”

Mo wo ẹsẹ̀ náà. Gìgísẹ̀ ò kanlẹ̀. Ẹsẹ̀ kan fẹ́ kọjá lórí èkejì. Mo mọ ohun tí mò ń wò. Mo yíjú sí Sístà, òun náà ti dìde lórí àpótí ẹ̀.

Sístà ò purọ́ rí láyé ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ dà bí òkò. Níwájú gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́. “Ìyá, ẹ má gbé e dúró mọ́. Agbára kọ́ nìyẹn, líle ni. Tí a ò bá tètè mójú tó o, ọmọ yìí lè má rìn.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ń sọ ibi tó ń bọ̀ lórí ọmọ, bí ẹni ń pè é wá ni. Ìyá Sùlé fi aṣọ wé ọmọ, ó dìde wẹ́rẹ́. “Ẹnu ẹ ò ní ṣẹ lórí ọmọ mi,” ló sọ, ó sì jáde, Sẹ̀lí ń tẹ̀ lé e tẹkún-tẹkún.

Ọ̀rọ̀ yẹn dé ọjà ṣáájú wọn. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni tó wá ò tó nǹkan. Nígbà tó tún yí po, òṣùwọ̀n nìkan ló ń mì lábẹ́ igi máńgòrò. Àjálù gidi nìyẹn, ẹ má rò pé eré ni. Ìyá kan wà ní Ìjẹ̀gùn tí ọmọ ẹ̀ ń gbẹ, tó yẹ ká ti rí i lórí òṣùwọ̀n. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kọjá agbára wa. Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn kú, Sístà jókòó sórí àpótí ẹ̀ láìsí ọmọ kankan níwájú ẹ̀.

Mo sún mọ́ ọn. Mo ní, “Sístà, ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n lọ sílé Ìyá Sùlé.”

“Kí o lọ sọ kí ni? Ṣé kí n purọ́ fún wọn ni?”

“Rárá, mà. Mi ò ní sọ nǹkan kan.”

Ó ní, “Máa lọ. Ṣùgbọ́n má lọ ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹ.”

Mo lọ láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ. Ìyá Sùlé ti na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ọmọ wà lórí ojúgun ẹ̀, omi gbígbóná àti òróró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ kú owúrọ̀, mà.”

“Ta ló rán ẹ wá?”

“Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá, mà. Mi ò tíì bímọ. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ.”

Ó fi ojú wọ̀n mí láti òkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà wo ló máa lé ọmọ tó kúnlẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun? Ó ní, “Pọnmi wá.” Mo pọnmi. Mo padà wá lọ́jọ́ kejì, mo dáná. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń lọ láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. N ò fọwọ́ kan ọmọ. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn bí Sístà ṣe kọ́ mi, mò ń wò. Ẹ wo ọwọ́ ìyá yẹn. Ó fi omi gbígbóná tẹ oríkèé, ó na apá kọjá àyà, ó pa ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìdí, ó mọ gbogbo ibi tí ara ọmọ ti ń dẹ̀ àti ibi tó ti ń kọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dé ìdí ọmọ. Ó fẹ́ fọ abẹ́ ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ó gbìyànjú láti la itan, itan kọ̀, ọmọ ké. Ìyá Sùlé wo ẹnu ọ̀nà bóyá Sẹ̀lí wà nítòsí. Kò sí níbẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì, itan ẹ̀ ò fẹ́ là. Ọjọ́ ti pẹ́. Mò ń fi òróró pa á, mò ń fà á, ńṣe ló ń le sí i. Mo ti mọ̀ kí ọ̀gá ẹ tó lanu. Mo ní tí n ò bá fẹnu ara mi sọ ọ́, bóyá kò ní rí bẹ́ẹ̀.” Ó wá bú sẹ́kún, ọmọ lórí ẹsẹ̀, omi ń kán lọ́wọ́ ẹ̀. “Ìyàwó kékeré yìí, tó bá gbọ́ pé òótọ́ ni, kí ni màá sọ fún un?”

Èmi náà sunkún. Gbogbo wa ti rò pé ìgbéraga ló ń bínú yẹn. Ẹ̀rù ni. Kò sẹ́ni tó tètè mọ̀ ju ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ lọ, òun nìkan ló sì ń gbé e káàkiri nínú.

“Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, mà,” ni mo sọ. “Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é.”

Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà fún mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo fi hàn án pé kó má fa ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀ mọ́. Orúnkún ni ká kọ́kọ́ tẹ̀, ká rọra mi ìbàdí sọ́tùn-ún sósì nínú omi gbígbóná, ká dúró kí ara ẹ̀ dẹ̀, ká tó la itan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú, koko ní í le. Ó ṣe é. Itan là. Kì í ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n ó là.

Sístà kọ̀wé fún wọn sí ilé ìwòsàn ńlá, sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́ apá àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé. Wọ́n ń lọ lóṣooṣù. Wọ́n ní kí wọ́n má gbé e dúró, kí wọ́n máa mú un jókòó kí itan ẹ̀ là sọ́tùn-ún sósì. Ìyá Sùlé bi mí pé ṣé ẹ̀yìn òun ò ṣe é lò ni. Nítorí pé ọmọ náà kéré, wọ́n ti ń bẹ̀rù láti pọ̀n ọ́n, orí ibùsùn ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí ṣáá. Mo bi àwọn onímọ̀ náà, wọ́n ní ó dára púpọ̀, kí wọ́n ṣáà fi aṣọ gbá orí ẹ̀ mú. Ni Ràfíù bá di èrò ẹ̀yìn. Ìyá Sùlé á pọ̀n ọ́n, á fi ọ̀já dì í, itan ẹ̀ á là gba ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà méjèèjì, á gbé e lọ sí ìsọ̀ ìkòkò, á gbé e bọ̀. Ẹni bá ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á ní oògùn ni ọmọ òun ń lò lọ́wọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó wọ àgbàlá wa, ọmọ lẹ́yìn ẹ̀, ìdajì àwọn ìyá ọjà lẹ́yìn òun náà. Kò kí Sístà, Sístà náà ò kí i. Ó tú ọmọ kalẹ̀ sórí ẹní, ó bọ́ aṣọ lára ẹ̀. Sístà dìde, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí sọ́dọ̀ mi.

“Bọ́lá, jókòó.”

Mo rò pé n ò gbọ́ dáadáa. “Mà?”

“Mo ní kí o jókòó. Ìwọ ni kó o wò ó.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ìwé ẹ̀rí, mo ní tèmi, wọ́n wà nínú àpótí aṣọ. Ìjókòó ọjọ́ yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Láti ọjọ́ náà, Sístà ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba mọ́. Yàrá ló ń mú wọn wọ̀, ìbéèrè kan ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀: “Ta ló ń wẹ̀ ẹ́? Báwo lara ẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́ yín?” Mo lo ìbéèrè yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò já mi kulẹ̀ rí.

Lónìí, wọ́n ní fídíò ni wọ́n fi ń ya ìmira ọmọ, wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí fóònù, dókítà á wò ó láti ìlú mìíràn. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ gbé irú ẹ̀ wá hàn mí. Inú mi dùn, n kì í ṣe àgbà tó ń bá ohun tuntun jà. Mo kàn ní kó kó ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn kó tó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣe é.

Ẹ máa bi mí pé Ràfíù ńkọ́. Ohun tí Ìyá Sùlé náà ń bi mí láràárọ̀ nìyẹn: “Nọ́ọ̀sì, ṣé á rìn?” N ò dá a lóhùn rí, nítorí Sístà ti ní kí n má ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi. Ó pẹ́ kó tó jókòó. Nígbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ń sáré kiri, ìdí lòun fi ń wọ́. Sẹ̀lí bí àbúrò tì í, àbúrò fẹ́ bá a. Ìyá Sùlé ò jáwọ́. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé mi lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní ìlú mìíràn fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo padà sí Ìkòtún, Sístà ti fẹ̀yìn tì, àpótí ti di tèmi. Ọjọ́ ìwọ̀n ni, mo wà nínú yàrá, mò ń wá òwú pupa. Mò ń gbọ́ ariwo lágbàlá. Ìyá ọ̀dọ́ kan gbé ọmọ ẹ̀ dìde lórí itan, àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́: “Ó ti ń dúró!” Lójijì ni ariwo náà rọlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn tí mo mọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: “Ìyá ọmọ, gbé e jókòó. Sún mọ́ mi, jẹ́ ká jọ wo ẹsẹ̀ ẹ̀.” Ó tún ní, “Àjàní, lọ bá mi pe nọ́ọ̀sì.”

Mo dúró síbi tí mo wà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó tẹlẹ̀, mo gbọ́ èkejì tó wọ́ díẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ọ̀kan tẹlẹ̀, ọ̀kan wọ́, ó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó dì í mú. Ó di fírémù ilẹ̀kùn mú, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ìyá àgbà ní kí ẹ máa bọ̀.”